Ohùn íápíìsì mi lọ sílẹ̀: ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi wá a kiri

Fólúùmù fóònù mi ti kún dé òkè, síbẹ̀ bí fáànù bá ti ń yí nínú yàrá, mi ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú íápíìsì ń sọ. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi fara dà á. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lèmi náà ń tẹ bọ́tìnì sókè, títí kò fi sí òkè tí mo tún lè tẹ̀ ẹ́ sí mọ́. Àbúrò mi ló jẹ́ kí n mọ bó ti burú tó. Ó gba íápíìsì náà lọ́wọ́ mi, ó fi sétí, ó wò mí lójú, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tiẹ̀ ń gbọ́ nǹkan kan ní ọ̀tún yìí?"

Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, èyí tó yọrí àti èyí tí mo fi ba nǹkan jẹ́.

Ohun tí mo lò: fóònù kejì, rúlà, tọ́ọ̀ṣì kékeré, igi ìtayín, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ tí irun rẹ̀ sì rọ̀, sípírítì, mítà tó ń ka ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), irin ìjólẹ́ẹ̀dì àti lẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, ẹnu íápíìsì tuntun tó ní òrùka dúdú mẹ́ta, àti róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sún kì bí iná bá kàn án. Méjì tó kẹ́yìn yìí nìkan ni mo rà. Àwọn yòókù wà nílé.

Ìpele 1: ọjọ́ tó ṣòfò

Mo wọ inú Settings, mo sì yí nǹkan bíi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé gbogbo ìlà ekuláísà, ibi tí wọ́n ti ń yí ìró wúwo àti ìró tín-ínrín sókè sódò, dé òkè pátápátá. Mo gba áàpù kan sílẹ̀ tó ní òun lè sọ fólúùmù di ìlọ́po méjì. Ohùn ròkè díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ya, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pariwo gba inú agolo. Ìlù ò ṣeé dá mọ̀ mọ́, ìpolówó ọjà sì ń yọ lójú fóònù ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Nígbà tó di alẹ́, mi ò mọ èyí tó ràn mí lọ́wọ́ nínú ohun tí mo yí, mi ò sì rántí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Mo yọ áàpù náà dànù, mo dá ekuláísà padà sí òdo, mo lọ sùn. Wákàtí mẹ́rin rèé, òfo ló jẹ́.

Ìpele 2: mo wọn ọ́n kí n tó fọwọ́ kan nǹkan

Fóònù kejì ní áàpù tó ń wọn ariwo ní dB. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ kì í sọ òótọ́ nípa bí ohùn ti ròkè tó gan-an, torí pé maìkì fóònù kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ṣùgbọ́n bí fóònù kan náà bá wà lójú kan náà, ìyàtọ̀ tó bá fi hàn láàárín àná àti òní ṣeé gbára lé, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn.

Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ íápíìsì mọ́ tábìlì, mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí maìkì fóònù kejì, 5 mm ló wà láàárín wọn. Mo fi bírò sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, mo pa fáànù, mo da tówẹ̀lì bo gbogbo rẹ̀. Mo wá ń ṣí fáìlì ariwo kan tó dà bí ìró òjò tó ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, ìṣẹ́jú kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fólúùmù ní òpin. Orin kò dáa fún iṣẹ́ yìí, ó ń lọ sókè sódò jù.

Òsì 70. Ọ̀tún 57.

Fún ẹni tí dB kò bá yé: bí ó bá fi nǹkan bí 10 dín, etí máa ń gbọ́ ọ bí ìdajì. Ìyẹn ni pé ọ̀tún mi kò tó ìdajì òsì, èmi kò sì mọ̀, etí ti bá a mọ́ra.

Ìpele 3: fóònù ni àbí íápíìsì?

Ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Mo yá íápíìsì olówáyà kan tó ń dún dáadáa, mo gba fóònù àbúrò mi, mo pààrọ̀ wọn ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:

Tèmi lórí fóònù mi: òsì 70, ọ̀tún 57.
Tèmi lórí fóònù àbúrò mi: òsì 81, ọ̀tún 70.
Èyí tí mo yá lórí fóònù mi: òsì 72, ọ̀tún 70.
Èyí tí mo yá lórí fóònù àbúrò mi: òsì 83, ọ̀tún 83.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Fóònù mi ń jẹ 11 lára òsì àti 13 lára ọ̀tún, íápíìsì èyíkéyìí tí mo bá kì bọ̀ ọ́. Íápíìsì mi pẹ̀lú ń jẹ 2 lára òsì àti 13 lára ọ̀tún, fóònù èyíkéyìí tó bá wà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìgbìyànjú mi ọjọ́ kìíní kò fi yọrí: ibi tí mo bá tún ṣe, ibòmíràn ṣì wà tó ń fà á sẹ́yìn.

Mo tún ṣe ìdánwò kékeré kan tí kò gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú: mo fi ti ọ̀tún sí etí òsì, ti òsì sí etí ọ̀tún. Àìdún náà bá íápíìsì lọ. Bó bá jẹ́ pé etí kan náà ni kò gbọ́ràn, ilé dókítà ni ǹ bá gbà lọ, irin ìjólẹ́ẹ̀dì kò wúlò níbẹ̀.

Ìpele 4: inú Settings, lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan

Mo yí nǹkan kan, mo wọn ọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tó lọ sí èkejì.

Àkọ́kọ́ ni ààlà fólúùmù. Lórí Samsung, inú Sounds and vibration ló wà, ẹ wọ Volume, ẹ tẹ àmì ẹ̀kán mẹ́ta, Media volume limit máa jáde. Lórí iPhone, Sounds & Haptics ni, ẹ wọ Headphone Safety; ààlà ibẹ̀ ṣeé fà láti 75 dé 100 dB. Tèmi wà ní títàn. Mi ò rántí ìgbà tí mo tàn án. Mo pa á: òsì àti ọ̀tún fi 3 lọ sókè.

Èkejì wà nínú áàpù orin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mú kí gbogbo orin dún ní ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n á fa èyí tó ń pariwo sílẹ̀. Tèmi wà lórí Quiet. Mo gbé e sí Normal, 2 tún gun orí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú Accessibility, ìlà kan wà tó ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún. Tèmi ti yẹ̀ sí òsì díẹ̀, bóyá ọwọ́ ló kàn án nígbà kan. Mo dá a padà sí àárín, ọ̀tún nìkan gba 2.

Òsì 75, ọ̀tún 64.

Ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: bí fóònù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù, òfin ibẹ̀ ní kó kìlọ̀ fún yín bí ẹ bá fẹ́ kọjá 85 dB, lẹ́yìn 20 wákàtí ìgbọ́ràn á sì tún béèrè. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé fóònù òun ti ń bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn ń dúró de kí wọ́n tẹ OK ni.

Ìpele 5: ihò fóònù

Mo ti kíyè sí i pé bí mo bá ń yí ẹnu íápíìsì nínú ihò, ohùn ń wá, ó ń lọ. Mo fi rúlà wọn ẹnu náà: 14 mm ni irin rẹ̀ gùn. Mo kì í bọ ihò títí kò fi lọ mọ́, mo tún wọn èyí tó yọ síta. 2 mm. Kò dé ìsàlẹ̀ rárá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, mo rí nǹkan eérú kan tó dì ní ìsàlẹ̀ bíi rọ́ọ̀gì. Òwú àpò ṣòkòtò ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ki íápíìsì bọ̀ ọ́ ni mò ń fi ọwọ́ ara mi gún un le sí i.

Ìgbìyànjú kìíní: mo fi ẹnu fẹ́ ẹ. Kò jáde, ọ̀rinrin ẹnu mi ló wọlé. Mo dá fóònù dojú bolẹ̀ fún wákàtí kan kó gbẹ. Ẹ má ṣe é.

Ìgbìyànjú kejì: abẹ́rẹ́. Ó mú òwú díẹ̀ jáde lóòótọ́, inú mi dùn, mo tún tì í wọlé, mo sì gbọ́ "kíì". Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tì mọ́ ẹnu íápíìsì wà lára ògiri ihò náà. Abẹ́rẹ́ ti fi ọ̀kan nínú wọn kọ́. Àyà mi já. Mo fà á jáde wẹ́rẹ́, orí ló yọ mí, irin náà padà sí àyè rẹ̀. Bó bá tẹ̀ síbẹ̀ ni, ó di kí wọ́n tú fóònù palẹ̀.

Ìgbìyànjú kẹta: mo pa fóònù pátápátá. Mo fi bíléèdì fá igi ìtayín títí ó fi tín, mo sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ya díẹ̀ bíi pákò tí wọ́n ti rin. Mo gbé fóònù sókè, ihò rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, kí ohun tó bá tú máa já bọ́. Mo ki igi náà wọlé jẹ́jẹ́ ní àárín gbùngbùn, mi ò fara kan ògiri, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, mo fà á. Ó gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Òwú tó jáde tó èékánná ọmọ ìka kékeré, mo tẹ́ ẹ sórí bébà funfun kí àbúrò mi lè rí i.

Ẹnu íápíìsì wọlé, ó dún "tàkà", ohun tí mo ti gbàgbé pé ó máa ń ṣe. Kò sí irin tó yọ síta mọ́. Òsì 81, ọ̀tún 70. Ohun tí íápíìsì yìí ń ṣe lórí fóònù àbúrò mi ló wá ń ṣe lórí tèmi báyìí, nítorí náà ẹjọ́ fóònù parí.

Ìpele 6: àwọ̀n ẹnu íápíìsì

Mo bọ́ róbà tó ń wọ etí kúrò, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọ̀n tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ti òsì ń dán. Ti ọ̀tún ti di àwọ̀ oyin, èérí etí ti dí ihò rẹ̀ pa, bóyá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Àṣìṣe tí mo ṣe nìyí: mo kán sípírítì sí i, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Èérí yọ́, ó sì rì lọ sínú. Nígbà tí mo wọn ọ́n, ọ̀tún ti bọ́ sí 66. Mo ti sọ ìdọ̀tí orí àwọ̀n di ìdọ̀tí inú ilé.

Bí mo ṣe gbà á padà: mo dojú íápíìsì kọlẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá àwọ̀n náà láti ìsàlẹ̀, kí ohun tó bá ṣí máa bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi sípírítì ra irun búrọ́ọ̀ṣì lásán, mo gbọ̀n ọ́n dànù kó kù ọ̀rinrin nìkan, mo tún gbá a, mo fi bébà ìnujú tẹ̀ ẹ́ kó fa omi mu. Mo ṣe é nígbà mẹ́fà. Mo fi í kọ́ di ọjọ́ kejì, ẹnu sísàlẹ̀. Mo tún gbá ti òsì gbẹrẹfu nígbà tí mo wà níbẹ̀.

Òsì 82, ọ̀tún 79. Èérí etí lásán, 9 dB!

Mo pààrọ̀ róbà etí sí èyí tó tóbi díẹ̀ sí i. Èyí kò hàn lójú ìwọ̀n mi, ṣùgbọ́n ó hàn nínú etí: bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ róbà jáde, ìró tó wúwo ló kọ́kọ́ ń sá lọ, ènìyàn á sì rò pé fólúùmù ni kò tó.

Ìpele 7: wáyà

Mo rò pé mo ti ṣe tán. Mo fi fóònù sápò, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀tún tún kú. Mo padà sídìí tábìlì.

Mo gbé mítà sí ohm, mo fi ẹnu rẹ̀ kan kan ṣónṣó orí irin, èkejì kan òrùka àpapọ̀, èyí tí òsì àti ọ̀tún jọ ń gbà padà: òsì 31 ohm. Mo gbé e sí ti ọ̀tún: 36. Mo tẹ wáyà ní ẹ̀bá ẹnu rẹ̀: 90. Mo tọ́ ọ: 36. Mo wọn ohùn rẹ̀ níbi tó tẹ̀ yẹn, 71 ló ń sọ. Okùn wáyà inú rẹ̀ ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba tó kù ló ń gbé ohùn kọjá.

Mo gé e ní 4 cm sókè ibi tó bàjẹ́. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tín bí irun: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ bàbà, búlúù. Mo fi lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n, kò lẹ̀. Ó ń yí kúrò lára wọn bí omi lórí ewé kókò. Ó pẹ́ kó tó yé mi: àwọ̀ tí mò ń wò yẹn gan-an, ọ̀dà ni, wọ́n fi bo wáyà kí wọ́n má bàa kan ara wọn. Mo fi bíléèdì há a, méjì já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún gé 2 cm.

Èyí tó ṣiṣẹ́: mo ṣí fèrèsé, mo jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì kó jọ bí ẹ̀kán omi sí ẹnu irin gbígbóná, mo ti orí wáyà bọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Èéfín rú, ọ̀dà jó kúrò, wáyà jáde funfun dídán. Òwú róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín okùn wọn tó ń mú wọn le. Ẹ gé e kúrò kó tó yọ́ mọ́ iṣẹ́.

Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Mítà ni kí ẹ bi. Pupa sí bàbà, 31. Ewé sí bàbà, 31. Pupa sí ewé, 62. Nítorí náà bàbà ni àpapọ̀, òun ni àwọn méjèèjì ń gbà padà. Búlúù sí bàbà ju 1,000 lọ: maìkì nìyẹn.

Mo jó wọn mọ́ ẹnu tuntun, ó rí rèǹtè-rente. Mo wá gbójú sókè, mo rí ìdérí ẹnu náà lórí tábìlì. Ṣáájú kí ènìyàn tó jó nǹkan ló yẹ kó ti kọ́ ọ sára wáyà. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo kọ́ ọ sí i, mo tún un jó.

Mo ṣí orin. Ìlù wà, gìtá wà, olórin ò sí. Ohùn rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn réré bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Mo ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì àárín wáyà, olórin padà dé kíá! Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún lọ. Àwòrán tí mo tẹ̀lé ti àtijọ́ ni, ètò ìto wáyà tí wọ́n ń pè ní OMTP, tó fi maìkì sí òrùka kejì, tó fi àpapọ̀ sí ìdí irin. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń lo ètò CTIA: láti ṣónṣó orí, òsì, ọ̀tún, àpapọ̀, maìkì. Bọ́tìnì yẹn, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń so maìkì pọ̀ mọ́ àpapọ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń rí ọ̀nà gbà. Bí íápíìsì tuntun yín bá ń gbé olórin mì, tó sì ń pọ̀ ọ́ padà bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ ti mọ àìsàn tó ń ṣe é.

Mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì náà. Mo fa róbà bò ó, mo fi iná fẹ́ ẹ kó sún kì. Òsì 31 ohm, ọ̀tún 31, bí mo ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ló gbà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi ogún ìṣẹ́jú parí rẹ̀.

Ìpele 8: ti àbúrò mi

Ó rí tèmi, ó gbé tirẹ̀ wá: hẹ́dífóònù Bluetooth lórí Android, tó dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú About phone, a tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje, Developer options jáde, a tan Disable absolute volume níbẹ̀, a pa Bluetooth, a tún tàn án. Látìgbà yẹn fólúùmù fóònù àti ti hẹ́dífóònù yàtọ̀ síra. Ti hẹ́dífóònù wà ní ìdajì látọjọ́ tó ti rà á, kò sì mọ̀. Ó gbé e sókè.

Ó tún gbé hẹ́dífóònù ńlá kan wá, 250 ohm ni wọ́n kọ sí i lára. Eléyìí mi ò tú u. Bí fóònù bá lè gbé fóólìtì kan jáde, íápíìsì 32 ohm á rí nǹkan bí 31 mW (ìwọ̀n agbára iná) gbà, 250 ohm á rí 4 péré. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti ohùn lẹ́yìn ló ń fẹ́.

Ìwọ̀n ìkẹyìn lórí fóònù mi: òsì 82, ọ̀tún 80. Mo rò pé 2 tó kù yẹn wà lára sípírítì tí mo kán sínú ọ̀tún, èérí díẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àwọ̀n níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ààlà fólúùmù tí mo pa ní ìpele 4, mo ti tún un tàn, torí pé bí ohùn bá wà ní 85 dB, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ni àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi dé e, bó bá sì fi 3 gòkè, àkókò yẹn di ìdajì. Ìdajì fólúùmù ni mo ń lò báyìí, fáànù sì ń yí.